Iyọ̀ Ò Wọ Dẹ́kìn Màmá Ìgàndó

Wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sílẹ̀ nípa ìyá àgbà mi tó ti lọ, ṣùgbọ́n kí n má fi ìbínú kọ ọ́. Ó ti bọ́. Mo ti ń bínú. Ìwé ìsìnkú tí ìjọ rẹ̀ tẹ̀ jáde wà níwájú mi báyìí, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó jẹ́ "ìyá onírẹ̀lẹ̀, oníwà pẹ̀lẹ́, tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà." Mo kà á, mo tún un kà, mo wo àwòrán tó wà lókè rẹ̀ bóyá ọ̀rọ̀ ìyá ẹlòmíràn ni wọ́n ṣèèṣì tẹ̀ sábẹ́ fọ́tò tiwa. Màmá Ìgàndó? Kì í bá ẹnikẹ́ni jà? Obìnrin tó bá bíríkìlà jà, tó bá ayálégbé jà, tó bá olórí ẹbí ọkọ rẹ̀ fà á lójú gbogbo ayé nítorí abọ́ iyọ̀ kan? Ẹ má purọ́ mọ́ òkú, jàre. Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó jẹ́ fún yín.

Tíṣà ni. Ó fi ọdún gbọọrọ kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní oúnjẹ sísè àti ìtọ́jú ilé, láti Èkìtì títí dé Èkó, kó tó fẹ̀yìn tì. Àkọ́bí rẹ̀ ló bí mi, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo sì gbé dàgbà. Fúnmi ni gbogbo ẹbí mọ̀ mí sí, Àbẹ̀kẹ́ ni òun ń pè mí, òun nìkan ló sì ń pè mí bẹ́ẹ̀. Kò ga, kò sanra, ṣùgbọ́n bó bá dúró sẹ́nu ọ̀nà tó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ mọ́ àyà, kò sẹ́ni tó máa ráyè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Bí wọ́n bá ní kó rọra, kó fara balẹ̀, èsì rẹ̀ kì í yàtọ̀: "Orí ohun tó bá balẹ̀ lomi ń dúró lé."

Ọ̀rọ̀ omi kì í ṣe àwàdà lẹ́nu rẹ̀. Kó tó di ará Ìgàndó, ilé àyágbé kan létí ọ̀sà ni òun àti bàbá àgbà mi ń gbé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàbá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ka ìwé ìròyìn jẹ́jẹ́ rẹ̀. Àfi gbì! Kọnkéré já láti ara dẹ́kìn, àjà kọnkéré tó wà lókè orí rẹ̀, ó sì bà lé e ní orúnkún. Nígbà tí wọ́n gbójú sókè, irin inú dẹ́kìn ló yọ sí wọn. Irin tó yẹ kó nípọn bí àtàǹpàkò ti rù bí ẹsẹ̀ adìẹ, ó ti dógùn-ún. Bíríkìlà tí onílé pè wá wò ó ló ṣàlàyé. Yanrìn ọ̀sà ni wọ́n fi po kọnkéré ilé náà, iyọ̀ sì wà nínú yanrìn ọ̀sà. Omi òjò ń wọ inú kọnkéré díẹ̀díẹ̀, omi àti iyọ̀ jọ ń jẹ irin. Irin tó bá sì ti dógùn-ún máa ń wú, bó bá wú, á ti kọnkéré dànù. Bàbá àgbà mi tiro títí ó fi kú. Ẹni ejò bá bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá, àbí? Láti ọjọ́ náà ni ìyá àgbà ti ń sọ ọ́ pé, "Iyọ̀ tó ń mú ọbẹ̀ dùn ló jẹ ẹsẹ̀ ọkọ mi."

Nítorí náà, nígbà tó di opó, tó sì fẹ́ kọ́lé sórí ilẹ̀ tí àwọn méjèèjì jọ rà ní Ìgàndó, ohun tó fi bẹ̀rẹ̀ ni yanrìn. Bí ọkọ̀ ẹlẹ́rù bá gbé yanrìn dé, kò ní jẹ́ kí wọ́n dà á. Á gun ọkọ̀ náà, tìróò tó wà lójú ẹ̀ ò ní bàjẹ́, á fi ìka bu yanrìn díẹ̀, á fi kan ahọ́n. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o, ó ń tọ́ yanrìn wò! Awakọ̀ àkọ́kọ́ tó rí i pariwo.

"Màmá, ẹ ń jẹ yanrìn ni?"

"Mò ń tọ́ ọ wò ni. Ṣé ìyàwó tìrẹ kì í tọ́ ọbẹ̀ wò kó tó bù ú fún ọ ni?"

Bó bá ti dùn ún lẹ́nu bí iyọ̀ báyìí, á ní kí wọ́n máa gbé e padà lọ síbi tí wọ́n ti bù ú. Awakọ̀ á bẹ̀ ẹ́, á gbé e ṣépè, yanrìn á padà. Ohun táwọn ará àdúgbò fi mọ̀ ọ́n nìyẹn kí wọ́n tó mọ orúkọ rẹ̀: Màmá tó ń tọ́ yanrìn wò.

Ṣùgbọ́n yanrìn tí kò níyọ̀ nìkan ò tó, nítorí kọnkéré fúnra rẹ̀ ń mumi. Bẹ́ẹ̀ ni, bí búrẹ́dì ṣe ń mu tíì. Ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta sìmẹ́ńtì ní Ìkòtún ló ti rí ìyẹ̀fun kan tí wọ́n ń pè ní wọtapúrúùfù, tí wọ́n ń pò mọ́ sìmẹ́ńtì kí kọnkéré má baà gba omi sára. Lámidì, bíríkìlà tó gba iṣẹ́ ilé náà, ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Lámidì, iṣẹ́ rẹ̀ dára, ẹnu rẹ̀ sì mú.

"Màmá, ọgbọ́n ọlọ́jà ni. Ilé ìwẹ̀ ni wọ́n ń lo nǹkan yìí sí. Dẹ́kìn ò nílò ẹ̀."

Ìyá àgbà ò bá a jiyàn. Ó wá agolo mílíìkì méjì, ó po kọnkéré sínú wọn, ó fi ìyẹ̀fun sínú ọ̀kan, kò fi sínú èkejì. Nígbà tí wọ́n gbẹ tán, ó gé agolo kúrò lára wọn, ó tò wọ́n síwájú Lámidì, ó sì bu omi lé wọn. Èyí tí kò ní ìyẹ̀fun dúdú lójú ẹsẹ̀, ó fa omi náà mu pátápátá. Lórí èkejì, omi kàn ń yí gbirigbiri, ó ń yọ̀ kúrò bí ẹni pé orí ewé kókò ni wọ́n dà á sí. Lámidì gbé e, ó yí i po, ó fi èékánná ha á.

"Ó dáa, Màmá. Ẹ ra ìyẹ̀fun yín wá."

Òkúta méjèèjì yẹn ò kúrò lẹ́nu ọ̀nà wa mọ́. Àlejò tó bá ṣi ẹnu sọ pé obìnrin yìí ń ṣe àṣejù, á ní kí n bu omi wá.

Ẹ má rò pé ìjà parí síbẹ̀. Lámidì fẹ́ máa wọ́n ìyẹ̀fun náà sórí kọnkéré tí wọ́n ti fi omi pò, kí iṣẹ́ lè yá. Ìyá àgbà gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ po ìyẹ̀fun mọ́ sìmẹ́ńtì ní gbígbẹ, kó kárí, kí wọ́n tó fi yanrìn àti òkúta sí i, kí omi kẹ́yìn dé, kó má sì pọ̀ jù.

"Màmá, ṣé kéèkì la fẹ́ ṣe ni?"

"Kéèkì ni. Àmọ́ abẹ́ ẹ̀ ni n óò sùn sí."

Àwọn òkúta pẹlẹbẹ kéékèèké tí wọ́n ń fi sábẹ́ irin kó má baà sún mọ́ etí kọnkéré, èyí táwọn bíríkìlà ń pè ní bísíkíìtì, òun fúnra rẹ̀ ló mọ gbogbo wọn. Ó tò wọ́n sórí pákó lẹ́yìnkùlé bí ìgbà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé. Bó bá rí i pé òṣìṣẹ́ kan tẹ irin mọ́lẹ̀ tí bísíkíìtì sì yẹ̀ kúrò lábẹ́ ẹ̀, ariwo rẹ̀ á dé Ègan. Ó ní ìhòòhò ni irin tí kò jìnnà sí òjò wà.

Wàyí o, iyọ̀. Nínú ẹbí bàbá àgbà mi, bí wọ́n bá ń da dẹ́kìn ilé, olórí ẹbí ló máa ń gbé abọ́ iyọ̀ wá. Á wúre sí i, gbogbo ẹbí á bu ẹ̀kúnwọ́, wọn á dà á sínú kọnkéré tí wọ́n bá kọ́kọ́ pò, kí ilé lè dùn fáwọn tó máa gbé e. Gbogbo ilé tí ẹbí náà kọ́ ni wọ́n ṣe é sí. Olórí ẹbí nígbà náà ni Bàbá Ẹ̀gbẹ́dá, ẹ̀gbọ́n bàbá àgbà mi, àgbàlagbà tó ga fíofío, tí kò sẹ́ni tó ń já a ní koro. Òun ló dúró ti ìyá àgbà nígbà tó ń ṣọ̀fọ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, kẹ́ ẹ lè mọ bí nǹkan náà ṣe wúwo tó.

Àárọ̀ ọjọ́ tí a da dẹ́kìn, èmi ni mo wà nídìí ìkòkò ẹ̀wà àwọn òṣìṣẹ́. Mo ti parí ẹ̀kọ́ olùkọ́ nígbà náà. Bàbá Ẹ̀gbẹ́dá dé pẹ̀lú àwọn ará ilé, abọ́ tanganran ńlá wà lọ́wọ́ rẹ̀, iyọ̀ kún inú ẹ̀ tẹ́ńtẹ́. Wọ́n wúre, a ṣe àmín. Ìyá àgbà náà ṣe àmín, ó tilẹ̀ kúnlẹ̀. Nígbà tí Bàbá kọjú sí kọnkéré, ìyá àgbà dìde, ó bọ́ síwájú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ ṣeun, mo gba àdúrà. Ṣùgbọ́n iyọ̀ ò ní wọ dẹ́kìn mi."

"Kí lo wí?"

"Ẹ rí ẹsẹ̀ àbúrò yín kó tó kú. Ẹ mọ ohun tó jẹ ẹ́. Ẹ dákun, ẹ wúre sí ohunkóhun mìíràn."

"Ìyàwó, ẹbí yìí ti ń fi iyọ̀ sínú ilé kí wọ́n tó bí ọ. O fẹ́ kí wọ́n sọ pé mo gbé ìre wá, o dà á nù?"

"N kò dà á nù, Bàbá." Ó sì na ọwọ́, ó gba abọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rí bí àwọn ìyàwó ilé ṣe fọwọ́ bo ẹnu. Ó gbé e wá sídìí ààrò mi. Kò sẹ́ni tó ń se ẹ̀wà tí kò mọ̀ pé ìgbà tó bá rọ̀ tán la máa ń fi iyọ̀ sí i. Ìkòkò mi ń hó, kò tíì rí iyọ̀.

"Àbẹ̀kẹ́, ẹ̀wà ti rọ̀?"

"Ó ti rọ̀, Màmá."

Ó bu iyọ̀ náà sí i, ó rò ó pọ̀, ó kọjú sí wọn. "Inú àwọn tó ń kọ́ ilé la fi iyọ̀ sí. Ilé máa dùn."

Bàbá Ẹ̀gbẹ́dá ò jẹ nínú ẹ̀wà náà. Ó gbá agbádá rẹ̀ mọ́ra, ó ní láyé òun, òun ò ní fẹsẹ̀ kan ilé náà. Àwọn ará ilé tẹ̀ lé e. Kò sí ẹbí ọkọ kankan tó kù níbẹ̀ tí wọ́n fi da dẹ́kìn náà tán, àfi àwa, Lámidì àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní ó yẹ kí ìyá àgbà lọ bẹ̀bẹ̀. Bẹ̀bẹ̀ fún kí ni? Ọ̀pọ̀ èèyàn lọ bá a, títí kan àwọn àgbà ìjọ, wọ́n ní kó lọ kúnlẹ̀ nítorí àlàáfíà. Ó fún wọn lómi mu, ó fún wọn ní búrẹ́dì, kò lọ. Èmi fúnra mi bi í bóyá ọ̀rọ̀ náà ò dùn ún. Omi bọ́ lójú ẹ̀, ó fi iborùn nù ún. "Ó dùn mí wọra. Ṣùgbọ́n ìdùnnú wọn kọ́ ló máa gbé dẹ́kìn dúró lórí yín."

Ohun tó kù tí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín ni pé, obìnrin tó ń sá fún omi yìí, òun náà ló tún ń da omi sórí dẹ́kìn láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ó fi àpò ìdọ̀họ bò ó, ó ní kó gbọ́dọ̀ tutù títí á fi le dáadáa. Ìyá Ìbejì tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa ò lè mú un mọ́ra. "Màmá, ṣé kì í ṣe pé ẹ fẹ́ kó kọ omi ni?" Ìyá àgbà ní, "Ọmọ tuntun ni. Ó gbọ́dọ̀ mu ọmú kó tó já lẹ́nu ọmú."

Kò kọ́ òkè ilé náà. Ó dúró lórí dẹ́kìn láìsí páànù, bí ọ̀pọ̀ ilé ṣe wà láyìíká wa, irin tó yẹ kó gbé òpó òkè dúró yọrí sójú ọ̀run. Ṣùgbọ́n tiwa ò pọ́n bíi ti àwọn yòókù. Ó ti fi omi sìmẹ́ńtì kun gbogbo rẹ̀, ó sì fi ọ̀rá dì wọ́n lórí. Bí òjò bá dá, á gun òkè lọ gbá omi dànù, á sì sọ̀ kalẹ̀ wá mú ọmọ odó. Á máa fi kan òkè àjà láti yàrá dé yàrá, kó, kó, kó, á tẹ́tí sí i. Ó ní ibi tí irin bá ti ń wú, ohùn rẹ̀ á dún bí ohun tó ṣófo. Ayálégbé tó bá ń sùn á jí. Ọ̀kan gbìyànjú láti kan ìṣó sí òkè àjà kó lè so fáànù kọ́. Ha! Ìyá àgbà lé e pẹ̀lú ọmọ odó yẹn títí dé títì Ìkòtún. "Ògiri tí ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Ìwọ wá fẹ́ bá mi la ẹnu ilé mi!"

Òjò ń rọ̀, ọdún ń gorí ọdún, dẹ́kìn Màmá Ìgàndó gbẹ. Kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu. Ó ní ibì kan tó sán lẹ́bàá àtẹ̀gùn, ó sì pe Lámidì padà wá dí i kó tó gbòòrò. Ilé Bàbá ní Ẹ̀gbẹ́dá ńkọ́? Ilé tí wọ́n fi iyọ̀ sí tìlùtìfọn? A gbọ́ pé àbàwọ́n pupa ti ń yọ lókè àjà pálọ̀, pé kọnkéré ti ń já bọ́ wẹ́wẹ́, pé wọ́n ti fi igi gbé ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ dúró. N kò sọ pé abọ́ iyọ̀ nìkan ló ṣe é. Mi ò tọ́ yanrìn wọn wò.

Òjò ń rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ tí Bàbá wá. Ẹnu géètì ló dúró sí, agbòjò wà lórí ẹ̀, omi ń ṣàn gba abẹ́ bàtà rẹ̀. Ìyá àgbà bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti rí ara wọn. Ó kúnlẹ̀ síbi tó wà, ó kí i.

"Ìyàwó," Bàbá pariwo kọjá òjò, "ilé rẹ ń jò?"

"Ẹ wọlé kẹ́ ẹ wá wò ó, Bàbá."

"Mo ti búra."

"Mo mọ̀. Ẹ̀yin náà lẹ wà nínú òjò. Èmi kọ́."

Bàbá yí padà, ó lọ. Mo ní, "Màmá, ẹ ò bá fi ẹnu tútù pè é wọlé." Ó ní, "Mo pè é. Ṣé o ò gbọ́ ni?" Ṣùgbọ́n ó dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí òjò fi dá, ojú rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu géètì.

Nígbà tí àìsàn dá a dúbúlẹ̀, òkè àjà ló máa ń wò. Ó ní kí n mú ọmọ odó kí n bá òun kàn án. Mo kàn án, ó gbọ́ ohùn rẹ̀, ó mi orí. Ó sì di ọwọ́ mi mú. "Ẹ sin mí sínú ilé yìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n á gbé iyọ̀ wá, o mọ̀ wọ́n. Àbẹ̀kẹ́, má jẹ́ kí wọ́n dà á lé mi." Mo ní wọn kò dáṣà. Ọ̀rọ̀ tí mo bá a sọ kẹ́yìn tó gbọ́ yé e nìyẹn.

Ẹbí pe ìpàdé, wọ́n ní bí òkú ò bá gba iyọ̀ ẹbí, ẹbí ò ní dúró tì í. Mo ní ẹ máa jókòó sílé yín. Lámidì, tí irun rẹ̀ ti funfun, ló gbẹ́ ibojì, òun ló to irin lé e, bísíkíìtì sì wà lábẹ́ irin. Ìyẹ̀fun inú sìmẹ́ńtì, èmi ni mo pò ó ní gbígbẹ. Mo gbé ìkòkò ẹ̀wà kaná fún àwọn òṣìṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ṣe nígbà náà lọ́hùn-ún. Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa da kọnkéré, géètì ṣí.

Bàbá Ẹ̀gbẹ́dá ni. Ó ti gbó, ọmọ rẹ̀ dì í mú lápá kan. Abọ́ tanganran náà wà lọ́wọ́ kejì, iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Ó gba ẹnu géètì kọjá. Ó fẹsẹ̀ kan ilé náà.

Mo bọ́ sí iwájú ibojì, mo pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ mọ́ àyà bí òun náà ṣe máa ń ṣe. Mo ti ń tò ó sẹ́nu, gbogbo ohun tí ọmọ ọmọ kì í sọ sí àgbà. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Iyọ̀ ò ní wọ ibí yìí. Bó ti wù kó rí."

Bàbá dúró. Ó gbójú sókè, ó wo abẹ́ dẹ́kìn tó nà jáde lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wò ó láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Ó wo ibojì. Lẹ́yìn náà ló wò mí.

"Àbẹ̀kẹ́," ó ní, "yẹra fún mi lọ́nà. Ẹ̀wà ti rọ̀?"

Mo ní ó ti rọ̀.

Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ sídìí ààrò. Gbogbo iyọ̀ inú abọ́ náà ló dà sínú ìkòkò. Iyọ̀ pa ẹ̀wà náà pátápátá. Bàbá ló kọ́kọ́ bù ú jẹ, a sì jọ jẹ ẹ́ tán.